Ọjọ́ Tí Múínátù Ń Bọ̀

Kí Ìyá Múínátù tó bọ́jú láàárọ̀, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níbàdí á ti bi í pé, "Màmá, kí ló wà níwájú yín lónìí?"

Ṣé ẹ rí i, nǹkan kéékèèké méjì tó máa ń jókòó lórí kíndìnrín ti kú lára tiẹ̀. Àwọn ló ń tú agbára sẹ́jẹ̀ tẹ́rù bá bani, tíṣẹ́ bá pọ̀, tàbí tínú bá dùn. Ẹ̀rọ ló ń bá a ṣe é báyìí, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó mọ iye oògùn agbára tó máa fún un.

"Múínátù ń bọ̀ láti Kánádà."

"Màmá, ọdún kẹta rèé tẹ́ ẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́."

"Ṣé ìwọ lo bá mi bí i ni? Fún mi jàre."

Ẹ̀rọ fún un.

Àyà ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, bíi ti ìgbà tọ́mọ ń sáré bọ̀ láti iléèwé. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó kọjú sí títì. Wákàtí kan péré loògùn yẹn ń lò lára. Títí wákàtí náà á fi pé, lọ́kàn ìyá, Múínátù wà lọ́nà tó ń bọ̀.