Ọ̀bẹ Tí Kò Hàn Nínú Àpò

Aránṣọ náà tẹ́ ṣòkòtò ilé ìwé kan sórí káńtà, ó fọwọ́ nà án tọ́, ó ní kí Bàbá Ọlọ́bẹ kó àwọn ọ̀bẹ tuntun jáde.

Kò ya bàbá náà lẹ́nu mọ́. Ó gbé àtẹ pẹlẹbẹ kan jáde lábẹ́ gíláàsì. Ọ̀bẹ kéékèèké ló wà níbẹ̀, irú èyí tó ń ká wọnú èèkù ara rẹ̀, téèyàn lè mú rìn látàárọ̀ dalẹ́ kó gbàgbé pé òun mú un dání. Èèkù ìwo ni ọ̀kan ní. Ọ̀kan ní èèkù igi pupa. Ẹ̀kẹta funfun bí eyín, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò gùn ju ìka àárín lọ. Ká má parọ́, ó wu ojú.

"Ẹ wo oníwo yìí, ìyá mi," ni Bàbá Ọlọ́bẹ wí. "Ọba ni."

"Ó sanra," ni Aránṣọ dáhùn.

"Ó sanra kẹ̀? Ó ki pọ́pọ́ ni! Ojú yín mà le o."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó ọ̀bẹ jọ. Èyí tó kọ́kọ́ rà, ojú rírán ló fi ń tú. Nígbà tó yá, ó wá ń ra èyí tó bá ṣáà ti rẹwà. Àpótí kan wà nílé rẹ̀ tó fi àrán tẹ́ nínú, ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀. Àyè kan ṣófo láàárín wọn; ọ̀bẹ ibẹ̀ kò padà wálé mọ́. Kì í fi nǹkan kan sí i.

Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, kì í ṣe ẹwà ló fi ń yan ọ̀bẹ mọ́. Ó mú oníwo, ó tì í bọ àpò ṣòkòtò náà, ó sì wò ó látòkè. Ó yọ gọngọ. Ó dá a padà. Ó mú onígi pupa. Òun náà hàn. Ó wá mú funfun. Àpò gbé e mì, aṣọ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yọ ọ́ jáde, ó fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo tì í. Ó ṣí kíá, kò dún.

"Èyí ni mò ń mú lọ," ó wí.

Bàbá Ọlọ́bẹ mọ ìdí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò yẹn wá, ó sọ fún un pé irú ọ̀bẹ báyìí ló wọ àárín ọmọ ilé ìwé méjì, tó sì ba ilé òun jẹ́. Pé èyíkéyìí tó bá lè fara pamọ́ sápò ọmọ, òun fẹ́ rà á kúrò nílẹ̀ kí ọmọ kankan tó rí i. Bàbá náà ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa bi abiyamọ nírú ìbéèrè yẹn? Ó kàn yọ́jú wo ṣòkòtò náà bóyá ó ya níbì kan, tàbí bóyá àbààwọ́n wà lára rẹ̀. Kò sí. Aránṣọ ti lọ̀ ọ́ dáadáa.

Nílé, yàrá ọmọ Aránṣọ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́nikẹ́ni ò sùn lé. Nígbà mìíràn, bó bá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á gbọ́ bàtà tó já lulẹ̀ ní pálọ̀, bí ọmọ náà ṣe máa ń ju tirẹ̀. Á dáwọ́ ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀rù á bà á láti dìde lọ wò ó, ẹ̀rù á sì tún bà á pé tóun bá dé ibẹ̀, òun ò ní bá ẹnì kankan. Àwọn aládùúgbò kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa bá a sọ.

Bí Bàbá Ọlọ́bẹ ṣe ń wá bébà tó máa fi wé ọ̀bẹ, ọkùnrin kan tó de táì wọlé. Ó rí ọ̀bẹ funfun náà lórí káńtà, ojú rẹ̀ tàn, ó sì gbé e.

"Háà! Èyí gan-an ni mò ń wá fún ọmọ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò ni, mo sì ti ṣèlérí fún un."

"Ìyá yìí ti mú un, sà," ni Bàbá Ọlọ́bẹ wí. "Irú rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì kù."

Ọkùnrin náà yíjú sí Aránṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ ṣáà lè mú òmíràn."

Aránṣọ na ọwọ́ sí ọ̀bẹ náà. "Ẹ má rà á fún ọmọ, mo bẹ̀ yín. Ọmọ kan ti fi irú ẹ̀ gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa. Torí àga nínú kíláàsì ni wọ́n ṣe jà."

Ọkùnrin náà mi orí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú." Aránṣọ kò ṣe àmín. "Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kì í ṣe jàǹdùkú. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni."

"Ọmọ jẹ́jẹ́ lẹni tó gún un náà," ni Aránṣọ wí. "Téèyàn bá bá a wí, ẹkún ló máa ń sun. Mo mọ ìyá rẹ̀ dáadáa. Òun náà ì bá búra fún yín."

Ọkùnrin náà wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ṣòkòtò orí káńtà. Ó rọra gbé ọ̀bẹ náà kalẹ̀.

"Ẹ máa mú un lọ, mà," ó wí, ó sì jáde.

Ojú Bàbá Ọlọ́bẹ ti pọ́n nígbà tó fi máa wé e tán. "Pẹ̀lú gbogbo ohun tójú yín rí, ẹ ṣì ń ṣàánú ìyá ọmọ yẹn."

"Mi ò ṣàánú rẹ̀," ni Aránṣọ dáhùn. "Mi ò tíì ṣàánú rẹ̀ rí."

Ó ká ṣòkòtò, ó dágbére, ó sì gba ilé lọ. Ó ti ọ̀bẹ náà mọ́nú àpótí, ó fa ọmọrí rẹ̀ wò bóyá ó há dáadáa. Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ó kéré tán, ọmọ kankan ò ní rí èyí rà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́dà yẹ búrẹ́dì àti ọṣẹ tí Aránṣọ gbé wá wò, ó ṣílẹ̀kùn, ọmọ obìnrin náà sì jáde wá nínú aṣọ ẹ̀wọ̀n, ó jókòó sí òdìkejì wáyà, ó sì bi í ní ohun tó máa ń bi í nígbà gbogbo: "Màmi, ṣé ìyá ọ̀rẹ́ mi ti gbà kẹ́ ẹ wọlé wá bẹ òun?"