Àpò Ayọ̀mípọ̀sí

Láràárọ̀, kí n tó gbé omi ògì kaná, mo máa ń fi owó kọ́ìnì orí fóònù fún oúnjẹ ilé-ìwé ránṣẹ́ sí Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ mi. Fóònù á sì dá mi lóhùn pé, "Ó ti dé ọwọ́ Ayọ̀mípọ̀sí."

Láti ìgbà òjò ni ọmọ náà ti kú.

Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ la ṣí àpò kọ́ìnì yẹn fún un. Ohùn tirẹ̀ nìkan ló lè mú nǹkan jáde níbẹ̀. Kò sí báńkì tí èèyàn lè lọ bẹ̀, kò sì sí ọ̀gá kankan tó lè tì í pa. Ohun tó bá ti wọlé, ó wọlé nìyẹn.

"Mọ́rẹ́nikẹ́, jáwọ́ níbẹ̀," ni ọkọ mi wí láàárọ̀ yìí. Ìyá Pọ̀sí ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. "Owó tí ẹnikẹ́ni ò ní ná mọ́ lò ń dà síbẹ̀."

Inú bí mi. "Ẹbí ló lọ sin ín. Wọn ò fi ojú oórì han èmi, wọn ò fi han ẹ̀yin náà, torí òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ó dáa. Níbo lẹ wá fẹ́ kí n ti máa kí i? Àpò yìí nìkan ni àdírẹ́sì rẹ̀ tí mo mọ̀."

Ó wọ bàtà, ó lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ níta, kò sì ṣíná. Mo ń nu ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà tí mo gbọ́ fóònù rẹ̀:

"Ó ti dé ọwọ́ Ayọ̀mípọ̀sí."