Àyè Oògùn Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Òun ló kọ ìlànà XML, ìyẹn òfin ìkọ̀wé, tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn fi ń fi ọ̀rọ̀ aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé oògùn. Ọ̀sán kan tí kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí oorun ń rìn lójú rẹ̀, ló kọ àyè tí wọ́n máa fi oògùn tí ara aláìsàn kọ̀ sí. Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí o kò bá kọ pé ó lè ju ẹyọ kan lọ, ẹyọ kan náà ni kọ̀ǹpútà máa gbà. Kò kọ ọ́.

2. Ọmọbìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò wọlé.

"Ọ̀gá, mo fi oògùn méjì sí i, kò gbà á o. Ẹni tí ara ẹ̀ kọ méjì ńkọ́?"

"Ìwọ náà! Ta ló ní irú ara bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ ká tún un ṣe. Ìlà kan péré ni."

Ìgbéraga ò jẹ́. Ṣé kí ọmọ àná wá máa kọ́ òun níṣẹ́? Ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó mú oògùn àkọ́kọ́, kó da ìyókù nù, kó má sì pariwo. Ló bá padà sídìí àlá rẹ̀.

3. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ara màmá rẹ̀ ò yá, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn náà. Màmá dárúkọ oògùn méjì tí ara òun kọ̀, nọ́ọ̀sì sì kọ méjèèjì. Ẹyọ kan ló dé ilé oògùn. Èkejì gan-an ni wọ́n fún màmá lò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ara màmá ń bó, ojú rẹ̀ wú.

Nọ́ọ̀sì na ìwé sí Ọ̀gá Ẹ̀rọ. "Ẹ wò ó, bùọ̀dá. Méjì ni mo kọ."

Òun nìkan ló mọ ibi tí èkejì wọlẹ̀ sí.

4. Màmá ò kú, a dúpẹ́. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, oòrùn tàn yòò sórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo yàrá dákẹ́ bíi ti ojú àlá. Màmá yíjú sí fèrèsé.

"Ọmọ mi, ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń sunkún.

Ìwọ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́: bí ẹni tó kéré sí ọ bá fi àṣìṣe rẹ hàn ọ́, má fi ìgbéraga bò ó. Tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.