Tọ́fù Kan Tó Kù

Ọbẹ ìyá olótọ́fù ti wọ inú tọ́fù dé ìdajì nígbà tí rédíò ọjà Jeonju kéde pé ní aago méjì ọ̀sán ni adájọ́ yóò dá ẹjọ́ ọkùnrin tí wọ́n ní ó pa ìyàwó rẹ̀. Ó gé e délẹ̀.

"Wọ́n máa dá a lẹ́bi," Deoksu awakọ̀ takisí wí. "Àmì ìka rẹ̀ wà lára ọbẹ."

"Ọbẹ ilé ìdáná rẹ̀ ni," Boknam onídìrí fèsì. "Ṣé ìka tìẹ ló yẹ kó wà níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà máa gbèjà rẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n. Tọ́fù lẹni tó bá tẹ̀wọ̀n dé ń kọ́kọ́ jẹ, kó má baà padà síbẹ̀. Eléyìí ò ní fẹnu kàn án mọ́ láyé."

"Àánú ìyá ìyàwó tó kú náà ló ń ṣe mí. Wọ́n ní kò yọjú sí kóòtù rí."

Ìyá olótọ́fù ń gé, ó ń wé, bó ti ń ṣe láti àárọ̀. Nígbà tó ku ẹyọ kan, Deoksu nawọ́ sí i.

"Ìyá, ẹ wé ìyẹn fún mi."

"Mi ò tà á."

"Ta lẹ fi pamọ́ fún?"

Ó rọra gbé tọ́fù náà sínú abọ́, ó dé e, ó sì wo aago.

"Ọkọ ọmọ mi," ó wí, ó sì gba ọ̀nà kóòtù lọ.