Ìlà Tó Tẹ́jú

"Ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì yẹn," ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà wí fún ọkọ rẹ̀, tó wá gbé e níbi iṣẹ́.

Àpótí gíláàsì méjì ló wà lórí tábìlì, omi wà nínú wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, lábẹ́ iná, ẹja wẹ́wẹ́ ń lé kòkòrò omi kiri, ìlà iye wọn sì ń lọ sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà ti èkejì tẹ́jú bí ẹní.

"Kí lo fi wọ́n ń wò gan-an, Ìyá Ìbejì?"

"Ìṣirò ooru ni mo fi ń wo bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń pọ̀, tí wọ́n sì ń dín kù. Agbára gbọ́dọ̀ máa wọlé, kó máa jáde. Ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá dọ́gba, ó parí nìyẹn."

"Èkejì yìí ló wù mí. Ó tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Bí ilé wa ṣe rí gan-an nìyẹn látìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ."

"Mo pa iná ìyẹn, mi ò sì fún àwọn ẹja inú rẹ̀ lóúnjẹ. Wọ́n ti kú."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n sì dákẹ́ bí ìṣe wọn títí dé oríta. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti yíjú sí i.

"Bàbá Ìbejì, ta ló kọ́ yín ní mọ́tò wíwà?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ọ̀nà, ó tún ìjókòó jókòó.

"Ẹni tó kọ́ ẹ lọ́bẹ̀ sísè ni."

Ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì.