Ẹ̀rọ Ìgékoríko Verlin Tó Ń Bú Ramúramù

Agídí ni ọ̀rọ̀ Verlin Hostetter, agídí tó ní ìgbéraga nínú. Bó bá ti gbé nǹkan sórí, kò sẹ́ni tó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, la jọ ń gbé, ilé mi kọjú sí tirẹ̀, ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ.

Ládùúgbò wa, koríko ilé ẹni ni ẹ̀yẹ ẹni. Láàárọ̀ Sátidé, oníkálukú á ti ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, á gé koríko ní ìlà-ìlà, ìlà kan á dúdú, èkejì á mọ́. Kò sẹ́ni tí ìlà rẹ̀ tọ́ bíi ti Verlin. Àwọn èèyàn máa ń rọra wa mọ́tò kí wọ́n lè wò ó, inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn.

Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ bàjẹ́, Marjean ìyàwó rẹ̀, tí àrùn ọkàn ń bá fínra, bẹ̀ ẹ́ lójú mi.

"Ọkọ mi, oníbátìrì ni kó o rà. Kì í pariwo. Bí nǹkan bá ṣe mí tí mo pè ọ́, wàá gbọ́."

Verlin bú sẹ́rìn-ín. "Oníbátìrì kẹ̀? Ṣé irùngbọ̀n ni mo fẹ́ fá ni? Ẹ̀rọ tí ò bá bú ramúramù, ohun ìṣeré ọmọdé ni."

"Ó dáa, akọni. Ṣùgbọ́n mi ò lóhùn tó lè borí ariwo yẹn o."

Mo dá sí i. "Verlin, gbọ́ tìyàwó ẹ. Oníbátìrì lèmi náà ń lò, ó ń gé koríko dáadáa."

"Mo ti rí koríko ẹ," ló fi dá mi lóhùn. "Ó jọ orí tí afọ́jú gẹ̀."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Elépo bẹntiróò ló rà, èyí tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó tún wá ra ohun ìbòtí, kí ariwo rẹ̀ má baà ba etí òun jẹ́! Ẹ ò rí nǹkan?

Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, ó ń gé koríko ẹ̀yìnkùlé. Nílé ìdáná, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Marjean. Ó pe ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, kò gbọ́. Ó fi fóònù pè é. Fóònù wà lápò Verlin, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn ń gbọ̀n lára òun. Agbára Marjean ò sì tó láti pe ẹlòmíràn mọ́.

Ìgbà tí Verlin gé gbogbo ìlà rẹ̀ tán ló wọlé lọ mumi. Igbe tó ké ló jẹ́ kí n sáré sọdá. Marjean ti kú sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Áà, ó dùn mí! Obìnrin tó mọ èèyàn ṣe ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Verlin ní kí n wá jókòó ti òun. Nígbà tí Marjean pè é tí kò gbé e, ó ti fi ohùn sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, Verlin ò sì lè dá a gbọ́. Ariwo ẹ̀rọ la kọ́kọ́ gbọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohùn kékeré kan ti ń sọ pé, "Verlin... ọkọ mi... wá. Jọ̀ọ́, wá."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Títí dòní, Verlin á fi fóònù náà mọ́ etí, á tún un gbọ́, omijé á máa dà lójú rẹ̀, á máa dáhùn pé, "Mò ń bọ̀, Marjean. Mò ń bọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ elépo ò ṣẹ̀ mí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni ta oníbátìrì. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ìyìn ará òde má ṣe dí wa létí sí ẹ̀bẹ̀ ẹni tó wà nínú ilé wa. Bí aláìlera bá sọ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun, ká gbọ́ ọ nígbà tó ṣì lè sọ ọ́. Ẹni tó bá kú ò lè mọ̀ mọ́ pé a ti gbọ́.