Ẹsẹ Kẹta Orin Àbẹ̀kẹ́

Kò sí ẹgbẹ́ oníjáàsì kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò lè kọ "Àbẹ̀kẹ́ Lọ Sódò". Ẹdẹ ni orin náà ti ṣẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin onífèrè kan tó ń jẹ́ Ìyàndá ló kọ ọ́. Lẹ́yìn àwo tirẹ̀, ẹgbẹ́ kan l'Ékòó tún un kọ, àwọn ará Ghana fi gìtá sí i, òyìnbó kan l'Ámẹ́ríkà sì fi fèrè nìkan gbé e láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Nínú gbogbo àwo tó ní ọ̀rọ̀ nínú, ẹsẹ méjì péré ni ẹnikẹ́ni ń kọ. Níbi tó yẹ kí ẹsẹ kẹta ti bẹ̀rẹ̀, fèrè ni yóò gbà á títí orin yóò fi tán.

Dárasími, akẹ́kọ̀ọ́ orin ní yunifásítì tí ìjọ kan dá sílẹ̀ nílùú náà, ló ń wá ẹsẹ kẹta. Orí orin náà ni iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ dá lé. Olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí, sọ fún un pé àwo ayé ìgbà yẹn kéré, kò lè gba ẹsẹ mẹ́ta, òun ni wọ́n ṣe gé e. Ó ní tó bá lè rí i, wọn yóò gbà á sílẹ̀ lódindi lọ́jọ́ Ajé, Dárasími ni yóò sì kọ ọ́.

Ohun tí Àlájà Sìmbíátù sọ yàtọ̀ sí ti olùkọ́. Ilé ìyá arúgbó yìí, nínú agboolé àtijọ́ kan, ni Dárasími gba yàrá sí, wọ́n sì mú un bí ọmọ inú wọn. Wọ́n ní agboolé yẹn gan-an ni wọ́n bí Àbẹ̀kẹ́ sí, pé òun àti Àbẹ̀kẹ́ jọ dàgbà ni, Ìyàndá ló sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìgbéyàwó ku díẹ̀ nígbà tó lọ pọnmi ní odò Ọ̀ṣun láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òòyì kọ́ ọ, omi gbé e lọ. Ẹkún rẹ̀ ni Ìyàndá fi kọ orin.

Ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ kò ṣe Ìyàndá ní nǹkan kan. Ọjọ́ tó wá sí agboolé, tó kọ ẹsẹ kẹta, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Rájí tó ń lu dùùrù fún un ní òun yóò kọ orin náà parí nítorí ọ̀rẹ́ òun. Òun náà wá sí agboolé láti wá sọ fún wọn. Kò débi tó ti fẹ́ kọ ọ́ tó fi kú.

"Èmi ni mo ṣe Ìyàndá lálejò lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá wí. "Ara rẹ̀ le koko. Orin yẹn kì í ṣe orin ọmọ aráyé. Fi sílẹ̀."

Dárasími gbọ́, ó sì bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ó ti rìn jìnnà. Àwọn kan nílùú ti júwe Mansur fún un, ọmọ àbúrò Ìyàndá, tó ń tún rédíò ṣe lọ́nà Sekona. Téèpù tí Ìyàndá fúnra rẹ̀ kọ gbogbo orin náà sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mansur dà á sórí fóònù fún un, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kò tíì gbọ́ ọ dópin rí. Bàbá òun ti kìlọ̀ fún wọn pé bí ẹsẹ kejì bá ti tán, kí wọ́n pa á.

Láti ọjọ́ náà ni fóònù ti di ẹrù lápò Dárasími. Nínú kẹ̀kẹ́, ìka rẹ̀ ṣèèṣì kan orin náà, ohùn Ìyàndá jáde. Ẹsẹ kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó ráyè pa á, oníkẹ̀kẹ́ wo ojú rẹ̀, ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Kò jẹun dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kó gbààwẹ̀. Ó gbà á, ẹ̀rù kò lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó lọ jókòó ti Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti rí orin náà gbà lọ́wọ́ Mansur. Màmá bèèrè bóyá Mansur ti gbọ́ ẹsẹ yẹn. Ó ní rárá. Wọ́n bèèrè bóyá olùkọ́ ti gbọ́ ọ. Ó ní òun kò tíì fún un, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀rù ń bà mí láti dá nìkan wà."

"Mo bẹ̀ ọ́, pa á rẹ́."

"Mi ò lè pa á rẹ́, Màmá."

Màmá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n kò ní fi inú òfìfo gbọ́ ọ. Wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná jáde nínú abọ́, wọ́n ti po mílíìkì àti ṣúgà sí i. Wọ́n jókòó tì í títí tó fi mu ún tán. Ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó dùn lẹ́nu rẹ̀ látọjọ́ yìí. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Màmá gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní kó máa gbọ́ ọ.

Dárasími ki íápíìsì bọ etí, ó di ojú, ẹsẹ kìn-ín-ní kọjá, ẹsẹ kejì kọjá, ohùn Ìyàndá sì rọlẹ̀ bí ẹni tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lójúkojú: "Sìmbíátù, kí lo bù sínú ẹ̀kọ Àbẹ̀kẹ́ kó tó lọ sódò?"